Láti Èkó dé Òkè-Igbó: Èmi, Ìyá Ìbejì àti Àwọn Ìwé Wa

Ọjọ́rú. Èkó

Ọ̀la là ń gbéra. Ìyá Ìbejì ti di ìwé kó tó di aṣọ, mo sì mọ̀ pé ìjà ló dì sínú báàgì yẹn. Òkè-Igbó là ń lọ, ìlú tí wọ́n bí Fágúnwà òǹkọ̀wé sí ní 1903. A ó gba Ìbàdàn, a ó gba Ifẹ̀.

Àdéhùn wa kò le. Kálukú yan ìwé kan fún ẹnìkejì, ẹni tí kò bá sì ka tirẹ̀ tán kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo fún un ní *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà, nítorí láti ìgbà tí tíṣà ti fi pàṣán mú un kà á nílé ìwé ni kò ti fojú kàn án mọ́. Òun fún mi ní ìwé Sẹ̀gilọlá. Àwọn tó kù, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* àti *Àjà Ló Lẹrù*, àwa méjèèjì la ti kà wọ́n láìpẹ́ yìí, a ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa wọn síra wa. Ìyẹn gan-an ló ṣòro. Ẹ wo tọkọtaya tó ń ka ìwé kan náà nínú ilé kan náà, tí ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, tí èkejì kò gbọdọ̀ bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà yìí dára fún ìwé kíkà ju mọ́tò lọ fíìfíì. Ojú kì í pòòyì. A ò tíì kọjá Agége tí obìnrin yìí fi yíjú sí mi: "Bàbá Ìbejì, kí lẹ rí nínú Sẹ̀gilọlá?"

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ní 1929 ni I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn *Akéde Èkó*, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, ó ní obìnrin kan ló ń kọ wọ́n ránṣẹ́. Obìnrin náà ti fìgbà kan jẹ́ arẹwà ní Èkó, ó ti bá ọkùnrin lọ súà, àìsàn ti wá dá a gúnlẹ̀, ló bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fáráyé kí wọ́n lè fi í kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí wọ 1930, ó sì di ìwé lọ́dún náà. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ olóòtú ni Sẹ̀gilọlá. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó ṣáájú *Ògbójú Ọdẹ* ní ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀dà ọwọ́ wa ni èyí tí Karin Barber tún gbé jáde ní 2012, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà pọ̀.

Mo sọ tèmi fún un. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹkún obìnrin náà kì í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìyangàn rẹ̀ kì í tán. Bó bá ti fi omijé nu ẹ̀ṣẹ̀ kan báyìí, kíá ló tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọrùn àwọn ọkùnrin ṣe ń yí tẹ̀lé òun. Á kọ orin tí wọ́n ń kọ ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, á dárúkọ àdúgbò, á fi Ọlọ́run búra. Bó o bá ń kà á lọ, o ò ní rántí mọ́ pé ó ní òun ń ronú pìwà dà.

"Ta ló ń ronú pìwà dà? Thomas?" Ó ti ń dúró dè mí tẹ́lẹ̀. "Ọkùnrin ló jókòó sídìí tábìlì tó ń fi ẹnu obìnrin sunkún. Sẹ̀gilọlá gbádùn ara rẹ̀, àìsàn gbé e dè. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ gbádùn ńkọ́? Ta ló kọ lẹ́tà tiwọn?"

"Ìyá Ìbejì, ṣé o bi eégún rí pé ta ló wà lábẹ́ aṣọ? Ohùn ará ọ̀run là ń gbọ́."

"Ohùn ará ọ̀run lẹ̀yin gbọ́. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ló kówó lọ."

Bàbá kan tó jókòó níwájú wa rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú rẹ̀. Mo dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò yí ohùn padà, mo ṣì dúró lórí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí: ìwàásù inú ìwé náà ni owó ibodè tí Thomas san kí wọ́n lè jẹ́ kí obìnrin náà kọjá. Lọ́dún 1929, bí kò bá ní òun kábàámọ̀, ta ló máa tẹ̀ ẹ́ jáde? Nígbà tó sì ti kọjá ibodè tán, ẹnu rẹ̀ dùn ju ìwàásù lọ. Ìyá Ìbejì ní èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwíjàre, ó kù díẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ kí n sọ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun fúnra rẹ̀ ka ìwé tó ń bínú sí yìí.

Ọkọ̀ dúró ní Abẹ́òkúta. Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà lórúkọ, ọkùnrin tó túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ* sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ìlú yìí náà ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti tẹ *Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* jáde ní 1859. Mo ń ṣe àlàyé yìí lọ, Ìyá Ìbejì ti sùn.

Ọjọ́ Ẹtì. Ìbàdàn

Ó ní àfi ká gba Challenge kọjá kí òun rí ère Ẹfúnṣetán. A wò ó láàárín ariwo ọkọ̀. "Ìlú tó pa á náà ló tún gbé ère rẹ̀ nàró," ó ní. Mo ní àṣà àwọn ìlú nìyẹn.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ló kọ eré onítàn yìí, ó jáde ní 1970. Nínú rẹ̀, Ìyálóde Ẹfúnṣetán pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹrú, Ìyálóde sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ìlú, Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn, àti àwọn ìjòyè ṣígun tọ̀ ọ́, ó gbé májèlé jẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe eré náà ní pápá ìṣeré Liberty níbí ní 1981, ńṣe ni èrò kún ibẹ̀ bámúbámú.

Mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní n kò mọ ìwé eré Yorùbá mìíràn tí ẹnìkan gba ojú agbo tó báyìí. Bí Ẹfúnṣetán bá ti wọlé, kò sí ojú tó tún kúrò lára rẹ̀. Èébú rẹ̀ ní ìlù nínú. Ìṣọ̀lá mọ̀ pé èèyàn búburú tí kò lè sọ̀rọ̀ kò wúlò lórí ìtàgé, ó sì kó gbogbo adùn èdè fún ẹni tó fẹ́ ká kórìíra. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá nìyẹn.

Ìyá Ìbejì kò bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ó fa ìwé mìíràn yọ. N kò mọ̀ pé ó gbé Samuel Johnson dání, ìwé ìtàn Yorùbá tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. (Òun náà ló ní kí n má gbé ẹrù púpọ̀ o.) Ó ní kí n tẹ́tí sí ẹ̀sùn tí Látóòsà kà sí Ẹfúnṣetán lọ́rùn ní 1874. Ẹ̀kíní, pé kò bá òun lọ sógun. Ẹ̀kejì, pé kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Ẹ̀kẹta, pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀.

Ó pa ìwé dé. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wá Adétutù nínú ẹ̀sùn yẹn."

N kò rí Adétutù.

"Ẹ bá mi wá ẹrú kan ṣoṣo."

Ohun tó ń sọ yé mi. Obìnrin yìí lówó, ó ní ẹrú, ó ní oko, ó ní ìbọn, àwọn ológun Ìbàdàn sì ń gba nǹkan ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn. Ọjọ́ tó sú u, tó ní òun ò ṣe mọ́, ni wàhálà dé. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n bu owó ìtanràn lé e, nígbẹ̀yìn àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún bíi mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà yẹn. Ìyá Ìbejì ní òun kò sọ pé Ẹfúnṣetán ṣeun. Ohun tó ń dun òun ni pé wọ́n pa á nítorí gbèsè àti agbára, àwọn ará Ìbàdàn wá ń rántí pé nítorí ìkà ni.

Mo ní Ìṣọ̀lá kò kọ ìtàn, eré ló kọ. Ìròyìn ìkà Ìyálóde ti wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìbàdàn kí wọ́n tó bí òǹkọ̀wé náà. Bó bá sì kọ eré nípa gbèsè ìbọn, ta ló máa jókòó wò ó ní pápá Liberty?

"Èmi," ó ní.

Òótọ́ ni. Á jókòó wò ó, á tún gbé ìwé àkọsílẹ̀ dání.

Mo tún gbìyànjú. Mo ní kí ó tún ìran tí Ẹfúnṣetán dá nìkan wà kà, ibi tí agbára ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá kórìíra ẹnìkan délẹ̀ kì í fún un ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kà á, ó wọ òun lára, ṣùgbọ́n àyè náà kéré sí ti àdá tó bẹ́ Adétutù. Ó ní ohùn Ìyálóde ni mo gbé lọ sílé, òun gbé ọmọ tó kú lọ. A sùn lórí rẹ̀ láìparí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ifẹ̀

*Àjà Ló Lẹrù* ni ìwé òní. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń sáré tẹ̀lé àwọn ọ̀daràn, wọ́n ń lé e, ó ń lé wọn, òwe ń ta lu òwe. Àwa méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ó ka ibi tí wọ́n ti ń bú ara wọn sókè nínú mọ́tò, dẹ́rẹ́bà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé kòtò ojú ọ̀nà. Ó ní ohun tí òun gbádùn ni pé Òkédìjí kò dúró wàásù. Ẹ̀kọ́ tó bá wà níbẹ̀, kí olúwarẹ̀ sáré bá a bó bá lè sáré. Mo fara mọ́ ọn.

Ibí yìí ni mo ti wá mọ ohun kan nípa obìnrin tí mo fẹ́: bó bá ti jẹ́ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, orí tó gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ kà. Ó ní òun kò lè gbádùn ọ̀nà tí òun ò bá mọ ibi tó já sí. Láti ọdún wọ̀nyí wá! Mo bi í bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún mi nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ. Kò dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú. Òkè-Igbó

A gba Ifẹ̀tẹ̀dó, a wọ ìlú. Dẹ̀rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, jagunjagun ọmọ Ifẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Mo ti ń fojú wá igbó láti òwúrọ̀. Nígbà tí mo bi bàbá àgbàlagbà kan pé níbo ni igbó ńlá tó ṣẹ́ kù wà, ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní kòkó ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́: igi kòkó, òjìji kòkó, ewé kòkó gbígbẹ nílẹ̀. Iwin tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀ ti di àgbẹ̀.

Ìlú yìí ni Fágúnwà ti jáde lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó di tíṣà, ó kọ *Ògbójú Ọdẹ*, àwọn míṣọ́nnárì CMS tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Odò ló gbé e lọ ní Wúyà, nítòsí Bídà, ní oṣù Kejìlá 1963, nígbà tó ń bá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó kọ gbogbo odò eléwu yẹn.

Abẹ́ igi kan la jókòó sí. Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ láìyọ́ ọ̀rọ̀ sọ: "Mo kà á tán. Ìdajì ìwé yín dára ju ohun tí mo rántí lọ, ìdajì kejì sú mi ju ti ìgbà yẹn."

Èyí tó dára lójú rẹ̀: ohùn Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú ìwé náà. Bó ṣe wá bá òǹkọ̀wé nílé tó ní kí ó mú kálàmù, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bó ṣe ń sọ ìtàn bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ kejì èrò á pọ̀ ju ti òní lọ. Ó ní òun kà á sókè ní yàrá ìwẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo gbọ́. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Èyí tó sú u ni Ìrágbèje. Àwọn ògbójú ọdẹ rin gbogbo ìrìn yẹn dé Òkè Lángbòdó, bàbá kan wá kó wọn jókòó sílé rẹ̀ fún ọjọ́ méje, ó ń kọ́ wọn ní ìwà. Ó ní òun fò ó. Mo ní àdéhùn wa kò fàyè gba fífò. Ó ní òun padà lọ kà á, ìdí nìyẹn tó fi sú òun.

Mo gbèjà Ìrágbèje. Èmi gan-an, apá yẹn ni mo máa ń padà sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ń sáré kọjá á kí n lè dé ibi tí wọ́n ti ń jà. Ní báyìí tí mo ti bímọ, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ àti òbí ń mú mi dúró. Àwọn tó ń pè é ní ìwàásù kò ka ìtàn tó ń sọ láàárín rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ ìwé odidi lórí ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, ìfẹ́ Fágúnwà sí ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó tú palẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà àríyànjiyàn wa kì í ṣe tuntun.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyàwó Kàkò."

Ọkàn mi ti sọ fún mi. Kàkò Oníkùmọ̀-Ẹkùn ni akọni tó lágbára jù nínú àwọn tó ń lọ sí Lángbòdó. Nígbà tí wọ́n wá pè é, obìnrin rẹ̀ di mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkò bẹ̀ ẹ́, kò gbà, Kàkò fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Ìrìn àjò ń tẹ̀ síwájú.

"Ìrágbèje gba ọjọ́ méje láti kọ́ wa níwà," Ìyá Ìbejì ní. "Obìnrin yìí kò gba ojú ewé méjì kó tó kú. Kàkò náà sì wà nínú àwọn tó jókòó gbẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó bi í."

Mo ní ìtàn ọdẹ nìyẹn, nínú ìtàn ọdẹ ẹni tó bá dí akọni lọ́nà kì í pẹ́ láyé. Mo ní Fágúnwà kò ní kí a máa yin Kàkò. Ó ní kò ní kí a má yìn ín náà. Mo ní ìlú ló rán wọn níṣẹ́, ojúṣe ni. Ó wò mí lójú, ó bi mí pé bí ìlú bá rán èmi níṣẹ́ ńkọ́.

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Ó wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀: Thomas kọ Sẹ̀gilọlá, Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán, Fágúnwà kọ ìyàwó Kàkò. Ọkùnrin kọ wọ́n, kò sí èyí tó gbẹ̀yìn rere nínú wọn. Níbí ni mo ti kọ̀ jálẹ̀. Bí a bá so wọ́n pọ̀ báyìí, a ti sọ ìwé tó yàtọ̀ síra di ẹyọ kan. Sẹ̀gilọlá ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà ìwàásù kò lè pa á lẹ́nu mọ́. Ẹfúnṣetán mú ìlú gbọ̀n. Ìyàwó Kàkò nìkan ni ìwé kò fún láyè kankan, bí ẹjọ́ bá sì wà, òun nìkan ló ni í. Ó rò ó wò. Ó ní òun gba apá tèmi yẹn, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́wọ́ ìdajì ẹjọ́ láìmọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní fi Fágúnwà sílẹ̀ nítorí rẹ̀, òun náà kò ní kí n fi í sílẹ̀. Ó kàn ní bí mo bá ń kà á fún àwọn ìbejì, kí n má sáré kọjá ibẹ̀.

Ọjọ́ Ajé. Lójú ọ̀nà ilé

Láti Ifẹ̀ títí dé Ìbàdàn, *Igbó Olódùmarè* ló ń kà. 1949 nìyí jáde, ó sì jẹ́ ìtàn Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó bá iwin jà, ó wọ igbó, ó rí obìnrin tó wù ú, ó fẹ́ ẹ. Èmi máa ń ka apá ìfẹ́ yẹn bí ìsinmi lẹ́yìn ìjà.

Nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà, ó fọwọ́ kan mi. "Bàbá Àkàrà-Ògùn kọ́ nìyí? Ẹni tó yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé kìíní?"

Òun ni. Nínú *Ògbójú Ọdẹ*, kí Àkàrà-Ògùn tó kọ́kọ́ wọ igbó rárá, bàbá rẹ̀ ti yìnbọn fún ẹran kan lóko, ẹran náà sì ni ìyàwó rẹ̀, àjẹ́ tó para dà. Fágúnwà ti kọ ikú obìnrin sílẹ̀ ní 1938, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ló wá padà lọ kọ bí ọkùnrin náà ṣe kọ́kọ́ ń wá ìyàwó. Mo ti ka ìwé méjèèjì láìmọye ìgbà, n kò tò wọ́n báyẹn rí. Ìyá Ìbejì, tó máa ń ka ìparí ṣáájú, kò ṣe wàhálà kankan kó tó rí i.

Ó ní ìyẹn mú kí apá ìfẹ́ náà dára sí i lójú òun. Mo ní ńṣe ló bà á jẹ́ fún mi. A ti kọjá Omi-Adió, a ò tíì gbà fún ara wa.